Owó Àánú: Iye Tó Yẹ Kó Jáde, Ibi Tó Yẹ Kó Lọ, Àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Ẹ Fi Í Ránṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa lawọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo ló ń rí owó wa gbà. Fọ́tò ọmọ tó wà lórí ibùsùn ọsibítù já wọ Wọ́sáàpù láàárọ̀, ẹ fi ₦5,000 ránṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ní kí gbogbo ìjọ dá owó òrùlé. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ àbúrò bàbá yín kò tíì rí owó ilé ìwé san. Kí oṣù tó parí, ₦30,000 ti fẹsẹ̀ fẹ, ẹ kò sì lè na ìka sí ohun kan ṣoṣo tí owó náà ṣe. Ohun tó ń tún un ṣe kò ju méjì lọ: ẹ ti pinnu iye owó àti ibi tó ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ yín, kí ẹ sì máa san owó náà síbi tí wọ́n ti máa ná an gan-an, dípò ọwọ́ ẹni tó ń ké.

Ẹ yà á sọ́tọ̀ kí oṣù tó gbé e jẹ

Ẹ kọ́kọ́ ya owó ẹbí kúrò lára owó àánú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ẹbí máa jẹ ẹ́ tán, ẹ ó sì máa rò pé ẹ ń ṣàánú. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ìyá yín lóṣooṣù, ojúṣe ni. Ẹ kà á mọ́ owó ilé àti owó iná. Ìdá mẹ́wàá náà dá dúró. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń lọ sí iṣẹ́ ìjọ fúnra rẹ̀, ẹ má kà á sí owó tó ti kan aláìní lára, àfi bí ìjọ yín bá ní àpò aláìní tó dá dúró, tí wọ́n sì ń jábọ̀ lé e lórí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìdá kan. Ẹni tó ń gba ₦300,000 lóṣù, tó bá yọ náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦15,000 ni, ₦180,000 lọ́dún. Bí márùn-ún bá wúwo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Ẹ ní kí báǹkì máa gbé e lọ sí àkáǹtì mìíràn lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, àkáǹtì tí kò ní káàdì ATM. Owó tó bá wà níbi tí ọwọ́ ń tó, ọwọ́ máa tó o.

Oníṣòwò tí owó rẹ̀ kì í wọlé lójú kan lè lo alájọ. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí káàdì alájọ, owó ọjọ́ kan sì ni alájọ ń mú fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gba káàdì kejì, kí ẹ ní kí ó kọ "àánú" sí i lórí. Ẹni tó bá ń dá ₦500 lóòjọ́ máa kó ₦15,000 nígbà tí káàdì bá kún. Bí ọjà kò bá ta lọ́jọ́ kan, ẹ fo ọjọ́ náà. Ẹ má fi owó tí ẹ fi ń ṣòwò dí i.

Ẹ pín ₦15,000 yẹn sí méjì. ₦10,000 máa lọ síbi tí ẹ ti yàn tẹ́lẹ̀, kó má sì ju ibi méjì lọ. ₦5,000 tó kù ni ti ìpọ́njú òjijì. Ibi méjì ni mo wí, torí ẹni tó ń fún ibi mẹ́wàá ní ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan kò ní lè tọpasẹ̀ ìkankan, owó tí báǹkì ń yọ lórí ìfiránṣẹ́ á sì ti gé e lórí. Àjọ tó mọ̀ pé ₦5,000 yín ń bọ̀ lóṣooṣù lè fi í mọ́ owó oṣù olùtọ́jú kan. Èyí tó ń dé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún, wọ́n kàn máa ná an ni.

Bí ₦5,000 òjijì bá tán lọ́jọ́ kẹjọ oṣù, ó tán nìyẹn. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún oṣù yìí ti lọ" kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe àfojúdi. Ẹ má fi "mò ń bọ̀, màá pè yín padà" ṣe ìdáhùn, torí ẹni tó wà nínú ìṣòro máa dúró de ìpè yẹn, kò sì ní wá ibòmíràn lọ.

Ìgbà kan wà tí kò yẹ kí owó jáde rárá: bí ẹ bá jẹ àwọn áàpù tó ń yáni lówó ní gbèsè, tí èlé ń gorí èlé lójoojúmọ́, tàbí tí owó ilé ti kọjá ọjọ́. Gbèsè yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ẹ má sì jẹ́ kí alága ìkéde ibi ayẹyẹ ìdáwó sọ iye tí ẹ máa san fún yín láwùjọ. Kò sẹ́ni tó ń ronú dáadáa nígbà tí onílù bá ń ki í. Ẹ ti kọ iye yín sínú àpòòwé láti ilé.

Sàká ní ìṣirò tirẹ̀

Mùsùlùmí tí owó rẹ̀ bá ti dé ìwọ̀n kan kò ní àyè àfojúbù. Sàká di dandan nígbà tí dúkìá bá tó nísáàbù, tí ọdún òṣùpá kan, nǹkan bí ọjọ́ 354, sì ti kọjá lórí rẹ̀. Nísáàbù ni iye owó wúrà gíráàmù 85, tàbí ti fàdákà gíráàmù 595. Àlàfo àárín méjèèjì gbòòrò gan-an láyé ìsinsìnyí. Ẹ bi ààfáà yín léèrè èyí tó ń tẹ̀ lé, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Ẹ má fò láti orí ọ̀kan sí èkejì lọ́dọọdún nítorí èyí tó máa dín owó kù.

Ká ní gíráàmù wúrà kan jẹ́ ₦150,000 lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣírò, nísáàbù jẹ́ ₦12,750,000. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà ₦11,500,000 nílẹ̀, ₦3,900,000 ní báǹkì, àwọn oníbàárà tó dájú pé wọ́n máa san sì jẹ ẹ́ ní ₦1,100,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦16,500,000. Ó jẹ àwọn tó ń fún un lọ́jà ní ₦2,500,000. Bí ẹ bá yọ ọ́, ₦14,000,000 ló kù, ó sì ti kọjá nísáàbù. Ẹ pín in sí ogójì: ₦350,000 ni sàká.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni iye ọjà. Iye tí ọjà náà máa tà lónìí ni kí ẹ lò, kì í ṣe iye tí ẹ rà á lọ́dún tó kọjá. Pẹpẹ, firíìjì àti ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbé ọjà kò sí nínú ìṣirò. Gbèsè tí ọkàn yín ti bọ́ lára rẹ̀, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá san án.

Àwọn mẹ́jọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i wà nínú Súúrátù Táọ́bà, áyà 60. Òbí yín, ọmọ yín àti ìyàwó yín kò sí níbẹ̀, torí ọrùn yín ni bùkátà wọn wà. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó jẹ́ aláìní lè gbà á, ó tiẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà kí á fi sàká kọ́ mọ́ṣáláṣí. Sàráà ni ẹ máa fi ṣe ìyẹn.

Ti ìtúnu ààwẹ̀ yàtọ̀. Oúnjẹ ni, lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, títí kan ọmọ ọwọ́: mudu nábíyì mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì àgbàlagbà tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó máa ń wọ̀n tó kílò méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Ẹ má fi kóńgò ọjà dípò mudu láìwọ̀n ọ́n, nítorí kóńgò oníkálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kí ó dé ọwọ́ aláìní kí wọ́n tó kírun Yídì. Èyí tó bá dé lẹ́yìn ìrun ti di sàráà lásán.

Ìkéde àìsàn lórí Wọ́sáàpù

Ìhín ni ẹ̀tàn ti ń bá òótọ́ jókòó pọ̀, ìhín náà sì ni ìṣọ́ra díẹ̀ ti ń gba owó púpọ̀ là.

Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìkéde. Èyí tí kò ní ọjọ́ lè jẹ́ ti ẹni tó ti gbádùn, tàbí ẹni tó ti kú láti ọdún méjì, tí àwọn aláàánú ṣì ń fi ránṣẹ́ kiri. Ẹ bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí yín pé, "Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ "wọ́n kàn fi í ránṣẹ́ sí mi ni," ẹ bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí i. Bí ẹ bá bi títí tí ẹ kò kan ẹnì kankan tó mọ aláìsàn náà, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fọ́tò náà sínú Google Lens. Bí ojú kan náà bá yọ ní orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà, ẹyọ mẹ́wàá, sínú áàpù báǹkì yín, kí ẹ ka orúkọ tó yọ, láìtíì fi owó ránṣẹ́. Ṣé orúkọ aláìsàn ni, àbí ti òbí rẹ̀, ti ọsibítù, tàbí ti ẹlòmíràn? Oníjìbìtì tó gbọ́n kì í dá ìkéde tirẹ̀ sílẹ̀. Ìkéde òótọ́ ló ń mú, á fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ló máa fi tirẹ̀ rọ́pò. Nítorí náà, ẹ fi èyí tó dé ọwọ́ yín wé èyí tó wà lójú ewé ẹbí náà fúnra wọn.

Ẹ béèrè orúkọ ọsibítù, wọ́ọ̀dù, nọ́ńbà káàdì aláìsàn, àti ìwé owó tó ní ọjọ́ àti òǹtẹ̀. Ìwé owó òótọ́ máa ń tú owó palẹ̀: owó ibùsùn, àyẹ̀wò, oògùn, iṣẹ́ abẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ₦10,000,000 géérégé tí kò sí àlàyé, ẹ ní kí wọ́n tú u palẹ̀. Ẹ má rò pé ìbéèrè yìí jẹ́ ìwọ̀sí. Ẹbí tó wà ní wọ́ọ̀dù lóòótọ́ ti ń fi ìwé yẹn han èèyàn látàárọ̀.

Bí ẹ bá pe ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì ní òun kò lè bá yín sọ̀rọ̀ aláìsàn, ìyẹn kò fi hàn pé irọ́ ni. Òfin ló dè é: ọ̀rọ̀ ìlera jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023. Ẹbí ni kí ẹ ní kó mú yín mọ òṣìṣẹ́ Medical Social Services. Ẹ̀ka yìí wà ní àwọn ọsibítù ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó, iṣẹ́ wọn sì ni láti mọ aláìsàn tí kò ní olùrànlọ́wọ́ lóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú láìdúró de ìkéde kankan lè lọ bá wọn tààrà, kó sọ pé òun ní ₦50,000. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń rí ẹni tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti lọ sílé, ṣùgbọ́n tí owó díẹ̀ ṣì dè é mọ́lẹ̀.

Sísan owó ọ̀hún náà ní ọ̀nà. Ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀, Remita, ọ̀nà ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni owó sábà ń gbà wọlé. Ẹ ní kí ẹbí fi RRR ránṣẹ́, nọ́ńbà ẹyọ méjìlá tí wọ́n gbé jáde fún owó yẹn nìkan. Orúkọ aláìsàn àti iye owó máa yọ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ san án láti orí fóònù yín, kí ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ẹbí kí wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń sanwó. Bí ẹ kò bá lè san gbogbo rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gé RRR tó ṣe déédéé iye tí ẹ ní, tàbí kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo: àpò ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò kan, oògùn ọ̀sẹ̀ kan.

Kí owó tó jáde, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n máa fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ṣe. Ìjà ẹbí tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn irú ìdáwó bẹ́ẹ̀, owó tó ṣẹ́ kù ló sábà ń fà á.

Àìsàn tí kì í tán lẹ́ẹ̀kan ń fẹ́ owó tó ń wá déédéé. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ń wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, UCH sì wà lára wọn. Lórí iye yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ₦96,000. Kí ẹ tó dá owó fún ọsibítù aládàáni, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gbìyànjú àyè níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́jọ tó ń dá ₦12,000 lóṣooṣù ṣe é lóore ju ẹni kan tó san ₦100,000 lẹ́ẹ̀kan tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣàánú ìlera ṣáájú àìsàn, ẹ san owó ìbánigbófò ìlera ọdún kan fún opó kan àti ọmọ rẹ̀. Èkó ní Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA. Kò wuni bí ìkéde iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kò sí náírà tó ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ẹ mọ̀ pé àkókò ìdúró wà láàárín ìforúkọsílẹ̀ àti ìtọ́jú àkọ́kọ́, kí ẹ sì mú ọsibítù tó sún mọ́ ilé wọn.

Àjọ aláàánú àti ilé ọmọ aláìlóbìí

Nọ́ńbà CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, máa ń sọ irú ẹni tí ẹ ń bá dòwò pọ̀. IT ni ti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn alágbàtọ́ (trustees). BN jẹ́ orúkọ ìṣòwò lásán: olówó rẹ̀ lè fi èrè sápò, ẹ má tọrẹ fún un bí ẹni ń tọrẹ fún àjọ. RC jẹ́ ti ilé iṣẹ́, àfi èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú "Limited by Guarantee", tí kì í pín èrè. Ẹ wá orúkọ náà lórí ìkànnì CAC. Bí ó bá yọ ní "inactive", ó sábà túmọ̀ sí pé wọn kò fi ìròyìn ọdọọdún wọn sílẹ̀. Ìyẹn lè jẹ́ ìmẹ́lẹ́, ẹ béèrè. Ẹ béèrè ìwé SCUML náà, ẹ̀ka EFCC tó ń gbógun ti fífọ owó ìwà ọ̀daràn mọ́. Àkáǹtì náà sì gbọ́dọ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́. Àkáǹtì olùdásílẹ̀ dípò ti ẹgbẹ́ ti tó láti dá ọwọ́ dúró.

Ilé ọmọ aláìlóbìí gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Ẹ pe ìyá ilé náà kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ sì bi í pé, "Kí ló kù tí ẹnikẹ́ni kì í mú wá?" Ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ gáàsì, owó iná, owó oṣù àwọn olùtọ́jú, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ìrẹsì. Bí ó bá jẹ́ mílíìkì ọmọ ọwọ́ ni, ẹ béèrè ọjọ́ orí: nọ́ńbà kìn-ín-ní wà fún ọmọ tuntun títí dé oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà kejì wà fún láti oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ ka ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lórí agolo. Agolo tí wọ́n ń gbé sórí àtẹ ẹ̀dínwó ti sábà sún mọ́ ọn. Ẹ má ya fọ́tò ojú ọmọ. Bí ilé kan bá ń to ọmọ sílẹ̀ fún fọ́tò kí wọ́n tó gba ẹ̀bùn, ó yẹ kí ara fu yín.

Ìgbà

Oṣù Kejìlá ni gbogbo ayé ń gbé àpò ìrẹsì wá. Oṣù Kejì, ilé ìdáná ti ṣófo. Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà náà le, nígbà tí iṣu àtijọ́ ti tán tí tuntun kò tíì tó wà. Ẹni tó bá ń ra oúnjẹ fún aláìní, kó ra ẹ̀wà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè rẹ̀, láti ìparí ọdún sí oṣù Kìíní, kó fi í sínú ike tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ kí kòkòrò má bà á jẹ́, kó wá pín in nígbà tí ó bá wọ́n.

Owó ìdánwò ní gbèdéke. Ẹ san WAEC fún ilé ìwé fúnra rẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ọmọ. Ẹ̀bùn tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ ti pàdánù ọdún kan fún ọmọ náà.

Ẹni tó wà lókè òkun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá ń san owó orí, ẹ fọwọ́ sí ìwé Gift Aid: £100 yín di £125 lọ́wọ́ àjọ tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó sì ń san owó orí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lè gba £25 padà. Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tààrà sí aláìsàn ní Ìbàdàn kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ ìlú yín ní London bá ń kó owó kọ́ ilé ìwòsàn nílé, ẹ wá nọ́ńbà wọn lójú ìwé Charity Commission. Bí wọn kò bá ní, ẹ bá wọn sọ ọ́ nípàdé. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀bùn tó bá tó $250 ń fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àjọ náà kí ẹ tó lè yọ ọ́ kúrò nínú owó orí, àjọ náà sì gbọ́dọ̀ wà lórí àkójọ IRS.

Lẹ́yìn tí owó ti lọ

Ẹ ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, iye, ibi, nọ́ńbà rìsíìtì, ohun tí ó wà fún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ pe ibi méjèèjì tí ẹ yàn, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo tó yí padà. Èyí tó bá dáhùn tààrà, kódà bó ní "owó náà kò tó, a fi san gbèsè gáàsì," ẹ máa bá a lọ. Èyí tí ẹ bá pè lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, ẹ dá owó oṣù tó ń bọ̀ dúró, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti dá a dúró, kí ẹ sì gbé ₦5,000 náà lọ sí ẹ̀ka Medical Social Services ọsibítù tó sún mọ́ yín títí ẹ ó fi rí ibòmíràn yàn.